Ilé Iwin Tí Kò Ba Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Lẹ́rù

Ẹni tó bá fẹ́ dẹ́rù ba ìyá ẹlẹ́lùbọ́, àfi kó tètè jí. Obìnrin tó ti ń bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù rìn lóru láti ìgbà ọmọge, tó ti sùn lórí àpò èlùbọ́ nínú òjò, tí àwọn agbèrò ti já owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí òun náà sì ti já a padà, kí ni wọ́n fẹ́ fi hàn án nínú tẹlifíṣọ̀n tí yóò mú un ké? Ìyẹn ló mú kí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọkùnrin káfíńtà sọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé pé òun ní sinimá kan tí Mọ́mì Ifọ̀ ò ní lè wò tán.

"Èmi kẹ̀?" ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wí. "Tàn án, jàre. Tí oorun bá gbé mi lọ, kí o pa á."

Mówè ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nílé àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá ti kúrò ní Ifọ̀. Ó gba Sàngó Ọ̀tà, ó wọ Èkó, ó já sí Berger, ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn tó gba ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá gbọ́ pé Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni Ifọ̀ àti Mówè wà yóò rò pé fífò ni èèyàn máa fo láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ ló mọ bó ṣe rí. Nígbà tó máa fi dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó gbé àpò èlùbọ́ kan fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní tàwọn ọmọ Ìbàfò nìyẹn.

Kì í ṣe sinimá ló gbé e wá. Ìpàdé ẹbí ni. Àbúrò wọn, ẹni tó wà láàárín òun àti káfíńtà, ti kọ́ ilé kan sí Ìbàfò kó tó kú. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni. Wọ́n ti kan páànù rẹ̀, wọ́n ti rẹ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù lásán ṣì ni ìta. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin ín sí. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n fi sílẹ̀, ọkùnrin ọmọ ọdún 12 àti obìnrin ọmọ ọdún 9, ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn nínú ilé náà, nítorí ẹbí ní kí ilé ẹ̀kọ́ wọn má baà dàrú. Ìyá alákàrà kan ládùúgbò ni wọ́n bẹ̀ pé kó máa sùn tì wọ́n. Oṣooṣù ni owó ń lọ, oṣooṣù ni èlùbọ́ ń lọ láti Ifọ̀, dẹ́rẹ́bà kan tí ìyá mọ̀ ló ń bá a gbé e. Kò sí ẹni tó lè na ìka sí ẹbí yẹn pé wọn ò ṣe dáadáa.

Ilé gan-an ló di wàhálà. Láàárín ọdún mẹ́ta, ayálégbé méjì ti kó wọ ibẹ̀, àwọn méjèèjì ti kó jáde. Èyí àkọ́kọ́ ní ẹnì kan ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Èkejì ò tilẹ̀ sọ ìdí, ó kàn ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti tàn dé ìdí ọkọ̀. Ajẹ́ńtì kan mú oníbàárà wá, oníbàárà rí sàréè níwájú ilé, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ládùúgbò, ló bá ní ìdajì iye tí wọ́n pè é lòun máa san. Ohun tí wọ́n fẹ́ jókòó lé lórí lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn: ṣé kí wọ́n gba ìdajì, àbí kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa kí wọ́n máa wò ó.

Ṣùgbọ́n Sátidé ló ṣì jẹ́, ẹbà ti wọlé, gbogbo wọn sì jókòó: káfíńtà, ìyàwó rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lórí àga tó ga jù. Ọmọ káfíńtà ki fláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní NEPA fi mú iná wọn. Káfíńtà jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn: owó epo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Orúkọ sinimá náà ni The Turning. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ló jáde ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Floria Sigismondi ló darí rẹ̀. Inú ìwé kékeré kan tí Henry James kọ ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀, The Turn of the Screw, tó jáde ní 1898. Ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan, Collier's Weekly, ló kọ́kọ́ gbé ìtàn náà, díẹ̀díẹ̀, bí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá náà ṣe máa ń gbé tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ní láti fara mọ́ sùúrù títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti sọ ìwé yìí di eré orin ní 1954, wọ́n ti fi ṣe sinimá mìíràn ní 1961. Ọmọ káfíńtà, tó ń múra ìdánwò JAMB lọ́wọ́, ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn ló ṣe ń wá sinimá rẹ̀ kiri. Òun náà ló ń túmọ̀ òyìnbó inú rẹ̀ fún àwọn àgbà.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọdún 1994 ni wọ́n fi í sí. Olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, Kate, fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀ láti lọ máa kọ́ ọmọdébìnrin kan, Flora, nínú ilé ràgàjì kan tí wọ́n ń pè ní Bly. Àwọn òbí Flora ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Miles, dé láti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti lé e. Obìnrin àgbàlagbà kan, Mrs. Grose, ló ń bójú tó ilé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quint ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ìwà rẹ̀ ò dára, ó ti kú. Olùkọ́ tó wà ṣáájú Kate, Miss Jessel, kò sí mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ojú ń yọ nínú dígí, ojú ń yọ lójú fèrèsé, ilẹ̀kùn ń dún, orin ń ké gbàù láti fi mú èèyàn ta gìrì.

Ìyàwó káfíńtà ta gìrì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ bojú, ó ń wò láàárín ìka. Káfíńtà ní tiẹ̀, igi ló ń wò. "Ẹ wo àtẹ̀gùn yẹn," ni ó wí. "Ẹni tó gbẹ́ ìyẹn mọṣẹ́. Igi ìgbà àtijọ́ ni." Ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ o, nítorí òótọ́ ló sọ: Amẹ́ríkà ni sinimá ní ilé náà wà, ṣùgbọ́n Ireland ni wọ́n ti yà á, nínú ilé àwọn ọlọ́lá kan tó ti pẹ́ láyé, Killruddery.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ò ta gìrì rárá. Ìbéèrè ló ń bi. Ta ló ń gbálẹ̀ ilé tó tóbi tó báyìí? Ta ló ń sanwó oúnjẹ? Quint tó kú yìí, àwọn wo ni èèyàn rẹ̀, ta ló sin ín? Ọmọ káfíńtà ń dáhùn títí ó fi sú u. "Mọ́mì, ẹ máa wò ó ná."

Àárín sinimá ni fóònù ìyá dún. Ó wò ó.

"Ìyá Alákàrà ni."

"Ẹ gbé e, ẹ̀gbọ́n mi," ni káfíńtà wí.

"Àbí ọ̀la kọ́ là ń lọ ni? Kí ló fẹ́ sọ lónìí tí kò ní lè sọ lọ́la? Gbogbo ìgbà ló máa ń pè. Owó ló fẹ́ kí n fi kún un." Ó da ojú fóònù délẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Nígbà tí sinimá ń lọ sópin, inú gbogbo wọn dùn díẹ̀, nítorí Kate kó àwọn ọmọ méjèèjì sínú ọkọ̀, ó já géètì kọjá, ó kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́. Ló bá di pé sinimá ta padà sẹ́yìn. Kate tún wà nínú ilé, àwọn àwòrán tí ìyá rẹ̀ tó wà nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ yà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá jọ pé orí rẹ̀ ló ti ń dàrú, pé bóyá kò sí iwin kankan láti ọjọ́ yìí. Àwọn ọmọ ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ó tún kù díẹ̀, a rí i níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí, ìyá yíjú padà, Kate wò ó lójú, Kate figbe ta. Ohun tó rí, wọn ò fi han ẹnikẹ́ni. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ó ti tán?" ni ìyàwó káfíńtà bèèrè.

Ọmọ iṣẹ́ kan dìde lọ yọ fláàṣì wò, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó tún ki í bọ̀ ọ́, ó rò pé ibì kan ti gé kúrò níbẹ̀. Kò sí ibi tó gé. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kì í ṣe ará Mówè nìkan ló bí nínú. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CinemaScore, tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá lálẹ́ ọjọ́ tí sinimá bá kọ́kọ́ jáde, tó máa ń ní kí àwọn tó wò ó fún un ní máàkì bí ti ilé ẹ̀kọ́. F ni wọ́n fún The Turning. Kò sí ohun tó kéré sí F. Ìránú sinimá pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba F, nítorí ẹni tó ti fowó rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì máa ń fẹ́ tan ara rẹ̀ pé òun jẹ̀gbádùn.

"Lítà epo méjì," ni káfíńtà wí, ó sì jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀.

Inú òkùnkùn, pẹ̀lú iná fóònù, ni ìjíròrò gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà ní iwin inú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn ń yọjú bí àwọn tó ń bẹ̀ wá yá iyọ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé òkú máa ń ṣe báyẹn. Òkú tí òun gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré, tó bá kú tí kò fẹ́ lọ sọ́run, ìlú mìíràn ló máa ń lọ. Á lọ gba ilé, á wáṣẹ́, á fẹ́yàwó, á bímọ, títí ọjọ́ tí ẹnì kan láti ìlú rẹ̀ yóò ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lọ́jà tí yóò ké pè é lórúkọ, nígbà náà ni yóò pòórá. Àkúdàáyà nìyẹn. "Iṣẹ́ ajé ló ń bá kiri," ni ìyá wí. "Kí ló fẹ́ dúró sójú fèrèsé ṣe?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó ń ba òyìnbó lẹ́rù kọ́ ló ń ba Yorùbá lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wọn, ilé tí òkú wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Lọ́dọ̀ Yorùbá, inú yàrá ni wọ́n ń sin bàbá sí látijọ́, àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹní lókè ibẹ̀, ibi tí wọ́n sin ín sí náà ló sì ń jẹ́rìí pé àwọn ló ni ilẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ onílẹ̀ ìhà Ọbáfẹ́mi-Owódé yẹn wò.

Nínú ìwé Yorùbá pàápàá, kì í ṣe inú ilé lẹ̀rù wà. D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938: igbó ni. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tó fi òyìnbó tirẹ̀ kọ ìwé, My Life in the Bush of Ghosts tó jáde ní 1954: igbó náà ni, ọmọ ọdún méje kan ló sì wọ̀ ọ́, ọmọ tí ogun lé kúrò nílé nígbà tí àwọn tó yẹ kó fà á lọ́wọ́ ti bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ilé ni ibi tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá ọ̀nà padà sí. Àmọ́ Mówè àti Ìbàfò, igbó àti oko ni ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ ní 1978. Ìgbà tí àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ lọ́wọ́ pọ́ọ́kú ni igbó di ilé, ilé àkọ́kù sì kún ibẹ̀, tí koríko ń hù nínú pálọ̀ wọn. Bóyá ìyẹn ló fà á tí ará Ìbàfò fi ń bẹ̀rù ilé nísinsìnyí.

"Kì í ṣe iwin ló ba sinimá yìí jẹ́," ni ọmọ káfíńtà wí. Ó ti ń bínú láti ìgbà tí sinimá ti parí, bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. "Wọ́n yọ ohun tó ń bani lẹ́rù nínú ìwé kúrò ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Nínú ìwé, ẹnì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu rẹ̀. Òun ló gba olùkọ́ náà síṣẹ́. Olùkọ́ yìí, tí ìwé ò tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún ni, ọmọ pásítọ̀ tálákà kan láti ìgbèríko. Olówó yìí ló ni Bly, òun ló ni ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ó ní owó ò ní wọ́n wọn, lọ́yà òun yóò máa fi í ránṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ sí: kó má yọ òun lẹ́nu. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kó má kọ̀wé, kó má ráhùn, kó wá nǹkan ṣe sí i fúnra rẹ̀. Sinimá 1961, èyí tí wọ́n pè ní The Innocents, tí Jack Clayton darí, ibi tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: ọkùnrin náà jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, ó ń ṣàlàyé pé òun ò láyè fáwọn ọmọ nínú ayé òun. Sinimá ọ̀hún, dúdú àti funfun ni, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin tó ti kú dúró láàárín koríko etí odò lọ́sàn-án, lókèèrè, kò ṣe nǹkan kan, kò sọ nǹkan kan, ara èèyàn sì ń gbọ̀n. The Turning ò fi ọkùnrin olówó yẹn hàn wá rárá. Ó yọ ọ́ dànù, ó fi dígí àti ariwo dípò rẹ̀. Ẹni tó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó yọ ẹ̀gúsí kúrò, tó wá fi ata kún un, ata náà yóò ta èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ pe orúkọ ọbẹ̀?

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti ń gbọ́ láti ìgbà yìí. Ó ti ń tòògbé nígbà tí iwin ń yọjú. Ojú rẹ̀ ti wá dá báyìí.

"Ọkùnrin tó ní kí wọ́n má kọ̀wé sí òun yẹn," ni ó wí, "kí ló jẹ́ sí àwọn ọmọ?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni, Mọ́mì. Àbúrò rẹ̀ ló bí wọn. Iṣẹ́ ológun ni àbúrò náà ń ṣe. Òkè òkun ni òun àti ìyàwó rẹ̀ kú sí."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n ni, mà."

"Ó sì ń fowó ránṣẹ́."

"Ó ń fi ránṣẹ́ dáadáa. Wọn ò ṣaláìní nǹkan kan níbẹ̀."

Ìyá dákẹ́. Káfíńtà wọlé, ó ń nu ọwọ́, ó bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ sinimá burúkú yẹn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

"Ọmọkùnrin wọn yẹn ńkọ́?" ni ìyá tún bèèrè. "Èyí tí wọ́n lé níléèwé."

Ọmọ káfíńtà ní ibẹ̀ ni ìwé ti dùn jù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà nípa ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n bàbá ló kọ ọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ni lẹ́tà ti wá, kò tú u rárá. Bó ṣe wà ló ṣe fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé kó kà á, kó bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, kó má sọ fún òun. Olùkọ́, ọmọ ogún ọdún tó wà láàárín igbó pẹ̀lú ọmọ méjì àti òkú méjì, ló wá ń gbé ẹrù náà kiri. Àwọn kan tó ka ìwé náà ní òótọ́ ni iwin wà. Àwọn mìíràn ní orí olùkọ́ ló dàrú. Wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀ bọ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé ò sì sọ èwo ni.

"Ìgbẹ̀yìn ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó kú, Mọ́mì. Ọwọ́ olùkọ́ ló kú sí."

"Kí ló pa á?"

"Ìwé ò sọ."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá?"

Ọmọ káfíńtà ronú díẹ̀. "Kò wá, mà. Látìgbà tó ti gba olùkọ́ síṣẹ́, kò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wo àpò èlùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe Ìyá Alákàrà. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Aago mọ́kànlá ti lù. Ó tún pè é. Wọ́n ní wọ́n ti pa á.

Ó lé ní ọdún kan tó ti dé ilé Ìbàfò gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Ọjà ni, ẹsẹ̀ ni, ọ̀nà jìn, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ojú márosẹ̀ ń pa èèyàn. Káfíńtà tó wà ní Mówè níbí, tí kò ju kó wọ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lọ, òun náà máa ń sọ pé òun á yà síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń ta nǹkan tàbí tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí lẹ́nu: Àìkú tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó fi jí ọmọ káfíńtà. "Wọ ẹ̀wù. Ìwọ lo máa bá mi gbé èlùbọ́." Káfíńtà ní ṣebí aago méjì ọ̀sán ni ìpàdé, ṣebí ajẹ́ńtì náà ń bọ̀. Ìyá ní kí ó wá nígbà tó bá wù ú.

Wọ́n bá Ìyá Alákàrà níwájú ilé, ó ń po ẹ̀wà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ojú tì í díẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà, mo pè yín lánàá."

"Èmi ni kí ẹ má bínú sí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Obìnrin náà wọlé, ó mú lẹ́tà kan jáde láti abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ìwé ti rún, epo àkàrà ti kàn án. Wọ́n ti tú u, àmọ́ òun ò mọ̀wé kà. Ọmọ náà ló kà á fún un, òun ò sì gbà pé ohun tó wà níbẹ̀ ló kà. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ náà ò mọ̀wé kà. Ó gbé e fún ọmọ káfíńtà.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní ọmọ náà ń sùn nínú kíláàsì lójoojúmọ́, látàárọ̀ dé ìgbà tí wọ́n bá lu aago. Wọ́n ti nà án, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́. Kí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ wá rí àwọn.

"Ohun tí mo ń pè sí yín nípa rẹ̀ nìyẹn," ni Ìyá Alákàrà wí. "Ẹ máa ń ní kí n bójú tó o. Mi ò mọ bí màá ṣe bójú tó o, mà. Kì í sùn lóru. Tí gbogbo ilé bá ti sùn, á dìde, á wọ sálúbàtà bàbá rẹ̀, á máa rìn lọ, á máa rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àbúrò rẹ̀ á dìde jókòó, á máa kà á."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún méjì, mà. Ìgbà tí ayálégbé àkọ́kọ́ wà níbí ló ti bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ káfíńtà gbé ojú kúrò lórí lẹ́tà. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní kó tún un kà láti òkè, díẹ̀díẹ̀. Ó tún un kà. Nígbà tó kà á tán, ìyá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sálúbàtà náà wà lẹ́bàá ògiri, ó tóbi, atẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan. Àwọn ọmọ méjèèjì ṣì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Ọkùnrin ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀.

Fóònù dún. Káfíńtà ni. Ó ní ajẹ́ńtì ti ń bèèrè bóyá kí òun mú oníbàárà dání.

"Sọ fún un kó má wá," ni ìyá wí. "Ìwọ ni kí o wá. Mú òṣùwọ̀n rẹ dání, ilẹ̀kùn yàrá iwájú ò dé. Kí o sì pe ẹni tó ń bá mi wo ìsọ̀ ní Ifọ̀ pé mi ò ní lè dé lọ́la. Iléèwé ni mò ń lọ láàárọ̀." Ó gbọ́ ohun tí káfíńtà sọ. "Rárá. Níbí ni màá sùn."

Ó bi Ìyá Alákàrà bóyá ẹní kan wà nílé. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ó gbọn eruku rẹ̀ níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè àbúrò rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.